Ọkọ̀ Igala Tí Wọ́n Tò ní Ọ̀jọ́

Àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń ná Mile 2 sí Ìyànà Ìbà máa ń ké pe ibùdókọ̀ kan lójoojúmọ́: "Volks! Volks wà o!" Èrò á bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Púpọ̀ nínú àwa ọmọ iléèwé tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni kì í béèrè ìdí tí ibùdókọ̀ kan ní Ọ̀jọ́ fi ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ àwọn ará Jámánì. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀ ló ni orúkọ náà. Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ àti Volkswagen tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1975 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 14, ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló wà lórí oyè, owó epo rọ̀bì ń wọlé bí omi òjò, ìjọba sì fẹ́ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa fi ọwọ́ ara wọn to ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn.

Ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ náà ni Beetle, èyí tí àwọn àgbà wa sọ ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣe rìbìtì. Ṣùgbọ́n wọ́n to òmíràn níbẹ̀ tí púpọ̀ nínú ìran tèmi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Igala ni wọ́n ń pè é. Brazil ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde ní 1973 pẹ̀lú orúkọ Brasilia, orúkọ olú-ìlú wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti ìjàpá, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Èyí tó ní ilẹ̀kùn méjì ni àwọn ará Brazil kọ́kọ́ ń gùn. Èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó o lọ. Wọ́n á kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú àpótí, ọkọ̀ ojú omi á gbé e wá sí Èkó, àwọn òṣìṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ á jó irin rẹ̀ pọ̀, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó wọ̀ ọ́, ó di Igala. Ìgalà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹran igbó ni lédè wa, ó sì tún jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ọya. Ti ẹran igbó wù mí jù. Ìjàpá àti ìgalà nínú ọgbà kan ṣoṣo: ó kù kí ẹnì kan pa àlọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè tí àròkọ yìí dá lé nìyí: bí ẹnì kan bá sọ pé Igala ni ọkọ̀ òun, pé Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti tò ó, báwo la ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré. Màmá àgbà kan wà ní òpópónà wa ní Ìbà Housing Estate tí ọkọ rẹ̀ olóògbé ṣiṣẹ́ ní Volks. Ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Táyà rẹ̀ ti rì wọlẹ̀, ewé sì ti bo orí rẹ̀. Àwọn tó ń ra kóńdẹ́m ti wá lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fẹ́ fi kílò wọ̀n ọ́n bí irin lásán. Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ wá. Ó ní bí ó bá dá òun lójú pé Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti to ọkọ̀ náà, òun yóò san owó tí Màmá lè fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé lójú òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Brasilia kan tí ẹnì kan kó wọlé láti òkè òkun. Màmá dáhùn pé ọkọ òun kò purọ́ fún òun rí. Báyìí ni ọ̀rọ̀ di iṣẹ́ òpìtàn, torí pé ìfẹ́ aya sí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, iyèméjì oníbàárà tó fẹ́ kí owó wálẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí n tó dé ìdí ọkọ̀ náà, mo kọ́kọ́ wádìí bí àwọn tó ti pẹ́ nínú irú iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ti ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ń jà lé lórí jù lọ. Láàárín 1962 sí 1964, Ferrari to ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní 250 GTO. Gbogbo rẹ̀ kò ju 36 lọ. Ní 2018 wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 48 dọ́là. Nígbà tí nǹkan bá wọ́n tó báyìí, ayédèrú kò ní pẹ́ dé. Àwọn kan á mú Ferrari mìíràn ti ìgbà náà tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á bọ́ ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi awọ GTO bò ó. Ẹni tó dúró lókèèrè kò lè mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayẹ̀wò kì í fi ojú ìta ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń wá: èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ṣásíì, ti ara ẹ́ńjìnnì, ti ara gíà. Wọ́n á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ náà. Ferrari ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Classiche tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ tó bá yege, wọ́n á fún olówó rẹ̀ ní ìwé ẹlẹ́yìn pupa.

Èyí tó wù mí jù ni ti Alfa Romeo. Ní 1965 wọ́n mú ọkọ̀ wọn kan tó wà káàkiri títì, Giulia Sprint GT, wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ìdíje, wọ́n sì pè é ní GTA. Lẹ́tà A ìgbẹ̀yìn yẹn dúró fún ọ̀rọ̀ Ítálì kan tó túmọ̀ sí "èyí tí a mú fúyẹ́". Aluminíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe awọ ìta rẹ̀ dípò irin, ó sì fi bíi igba kílò fúyẹ́ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ní GTA lòun ń tà, mú òòfà kékeré kan, gbé e lé ilẹ̀kùn. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọjà ti bàjẹ́: irin ni. Bí kò bá lẹ̀, má tíì yọ̀. Ó lè jẹ́ aluminíọ̀mù lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ bódì fílà tó nípọn tí páńẹ́lì bítà fi dí ihò. Òòfà lè mú irọ́, ṣùgbọ́n kò lè fìdí òótọ́ múlẹ̀. Mo kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Ní Ọ̀jọ́, ibo la ó ti rí ìwé ẹlẹ́yìn pupa? Nígbà tí owó òkèèrè tí wọ́n fi ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ di ohun àwátì, iṣẹ́ lọ sílẹ̀, àwọn ará Jámánì sì fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ọgbà náà bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Stallion nígbà tó yá, wọ́n sì to Nissan àti Hyundai níbẹ̀. Màmá kò ní ọ́fíìsì kan tó lè kọ̀wé sí pé kí wọ́n bá òun yẹ nọ́ńbà wò. Ohun tó kù fún wa kò ju mẹ́ta lọ: irin fúnra rẹ̀, ìwé tó wà nínú àpótí àwọn ẹbí, àti ẹnu àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo rí i pé ìtàn Nàìjíríà náà ní òòfà tirẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, apá òsì títì la ń gbà ní orílẹ̀-èdè yìí bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sítíárìn ọkọ̀ sì máa ń wà lápá ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo ìlú yí padà sí apá ọ̀tún títì. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìjàpá kan hàn ọ́ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tó ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti tò ó fún àwa ará ilé, o lè kí i pé ó dàbọ̀. Ọkọ̀ náà lè dára, ó lè ti dàgbà ju bàbá ẹni lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Ọ̀jọ́. Owó náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé. Rìsíìtì ọkọ̀ Ọ̀jọ́ tó bá ka owó ní pọ́n-ùn àti ṣílè kò lè jẹ́ òótọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mẹkáníìkì àdúgbò wa bá wa dé ìdí igi máńgòrò náà. Ó rò pé àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ wo ọkọ̀. Nígbà tí ó rí i pé èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ní, "Sísí, aṣọ rẹ á dọ̀tí o." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Ẹ̀gbọ́n, aṣọ àtijọ́ ni mo wọ̀." A gbá ewé kúrò. Sítíárìn wà lápá òsì. Ilẹ̀kùn jẹ́ mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Àmì orúkọ ara búùtù ti já, ihò wẹ́wẹ́ ló kù níbẹ̀, èyí kò sì dùn mí rárá, nítorí àmì orúkọ ni ohun tó rọrùn jù láti rà ní ọjà kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òòfà mi lẹ̀ mọ́ òrùlé, ó lẹ̀ mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ń já bọ́ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì apá ọ̀tún. Fílà ni. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ Èkó tí kò bá ní fílà ni kí a fura sí.

Nọ́ńbà ṣásíì ló gba àsìkò wa jù. Ó wà lára irin nítòsí ìjókòó ẹ̀yìn, ìpẹtà ti bò ó. A fi kẹrosíìnì rin ín, a fi àkísà nù ún, a tún fi sáńpépà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ha á díẹ̀díẹ̀. Mẹkáníìkì kìlọ̀ pé bí a bá ha á jù, a ó ha ẹ̀rí náà dànù. Mo wá tẹ́ ìwé funfun lé e, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù ra ojú ìwé náà lọ́ra títí nọ́ńbà fi ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kà àfi ọ̀kan tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn; ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. A wò ó bóyá ẹnì kan ti gé irin náà kó sì jó òmíràn sí ipò rẹ̀. Kò sí ojú jíjó kankan. Nọ́ńbà náà tò sórí ìlà kan, jíjìn wọn sì dọ́gba. Nígbà tí ẹnì kan bá fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà èké, a máa wọ́, ọ̀kan á jìn, ìkejì á fẹ́lẹ́.

Màmá gbé àpótí irin kan jáde nínú yàrá. Ìwé mẹ́ta ló kàn wá nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìwé láísẹ́ńsì àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní 1977 ni wọ́n forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tuntun. Nọ́ńbà ṣásíì wà níbẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀. Mo gbé ìwé tí mo fi pẹ́ńsùlù ra sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá sì ń wo ẹnu mi. Nọ́ńbà ṣásíì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ibi tí ìpẹtà jẹ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bára mu. Mẹkáníìkì ní kò yà òun lẹ́nu: ọmọ ìyá kan ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá àti ti Igala, bí ọ̀kan bá kú, ti èkejì ni wọ́n sábà máa ń wá. Ọkùnrin tó ń kó ọkọ̀ jọ náà yóò fẹ́ gé owó nítorí èyí, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àdá tí a ti pààrọ̀ èèkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣì ni àdá bàbá ẹni, bí irin rẹ̀ kò bá tíì yí padà. Àwọn Ítálì náà ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí fà á. Ọkọ̀ tó sáré ìje kì í sábà gbé ẹ́ńjìnnì kan dé ọjọ́ ogbó.

Ìwé kejì ni rìsíìtì, òun ni ọkùnrin oníbàárà náà fẹ́ràn jù. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, òun nìkan ni wọ́n fi hàn án, ó sì ní bí nǹkan kan bá máa yí òun lọ́kàn padà, ìwé yìí ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti oṣù kẹwàá ọdún 1977. Mo kọ́kọ́ wo owó: náírà ni, ó yege. Mo wo ìlú olówó ọkọ̀: Abẹ́òkúta, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, nítorí náà èyí pẹ̀lú yege; bí ọjọ́ rìsíìtì bá jẹ́ 1975 ni, ì bá ti já. Mo wá wo àdírẹ́sì tó ń gbé: Ìbà Housing Estate.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ìhà ibí mọ̀ pé kò sí ẹni tí kì í sọ fún yín pé Jákáńdè ló kọ́ ilé wa. Alhaji Lateef Jakande gorí oyè gómìnà Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó sì kúrò níbẹ̀ nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní òpin 1983. Àárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, Abẹ́sàn, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin àti àwọn ibòmíràn. Báwo ni ẹni tó kọ rìsíìtì ní 1977 ṣe mọ orúkọ ilé tí gómìnà tí wọn kò tíì dìbò yàn yóò kọ́?

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọdún wo lẹ kó wá sí ilé yìí?" Ó ní 1983, ọdún tí wọ́n dá LASU sílẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tí rìsíìtì fi ní ibí lẹ̀ ń gbé ní 1977, mà?" Ó dákẹ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, ó sì dá a padà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ikán ló jẹ rìsíìtì àkọ́kọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé rí. Nígbà tí Bàbá fẹ́ tún ìwé ọkọ̀ náà ṣe, ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní ẹ̀gbẹ́ títì bá a tẹ òmíràn. Bàbá ka ohun tó rántí fún un, ọkùnrin náà sì fi àdírẹ́sì ìgbà náà sí i. "Kò jí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni," ni Màmá sọ. Mo ní mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tí mo rí lábẹ́ igi máńgòrò yẹn yàtọ̀ díẹ̀: irọ́ àti òtítọ́ jọ ń gbé inú àpótí kan náà ni láti ọjọ́ yìí. Ìwé náà kì í ṣe ti 1977. Ọkọ̀ náà sì jẹ́ ti 1977. Bí oníbàárà bá rí àṣìṣe inú rìsíìtì fúnra rẹ̀, yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ayédèrú, yóò sì lọ. Bí kò bá rí i, yóò san owó nítorí ìwé èké, yóò sì fojú fo irin tó ń sọ òótọ́. Nínú méjèèjì, èkejì bí mi nínú ju àkọ́kọ́ lọ.

Ohun kẹta ni fọ́tò. Àwọn ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan, Bàbá wà láàárín, ó fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ọkọ̀ hàn kedere, òun náà ló wà nínú ìwé láísẹ́ńsì. Ní ẹ̀yìn fọ́tò, ilé afọ́tò ti tẹ òǹtẹ̀ wọn sí i pẹ̀lú ọdún 1978. Fọ́tò kì í sọ ibi tí wọ́n ti to ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ pé ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ yìí sílẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ Volks ló wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé.

Mo tún lọ bá bàbá kan ní Okokomaiko tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìkunlé wọn, ìyẹn àwọn tó ń kun ọkọ̀. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. N kò sọ fún bàbá náà pé ọkọ̀ kan wà nílẹ̀. Mo kàn béèrè pé kí ni ó rántí nípa Igala. Ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ni, pé àwọn oníṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ ló ń rà á torí ó gba ọmọ ju ìjàpá lọ, pé ariwo rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà. Ó ní pákó àpótí tí wọ́n fi ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ wá dára púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ṣe àga. Ó ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì, ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan jáde. Ọ̀rọ̀ Potogí kan ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀ ní dúdú: Indústria Brasileira. Inú mi dùn sí àpótí ìjókòó yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bàbá náà dùn.

Àpótí náà tún mú àríyànjiyàn kan wá, èyí tí ọkùnrin oníbàárà ti sọ tẹ́lẹ̀: bí Brazil bá ni gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, ṣé a lè sọ pé Ọ̀jọ́ ni wọ́n ti ṣe é? Mo rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ní Èkó, àwọn Àgùdà wà tí àwọn baba ńlá wọn ti oko ẹrú Brazil padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n mú orúkọ Brazil wá, wọ́n mú iṣẹ́ ilé kíkọ́ wá, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ọmọ Èkó. Ẹni tó ní "a ṣe é ní Ọ̀jọ́" sọ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ní "Brasilia lásán" náà sọ kéré jù. Wọ́n gé irin rẹ̀ ní Brazil, wọ́n tò ó ní Ọ̀jọ́, orúkọ tí wọ́n fún un níbí ni Igala, èyí náà ni mo kọ.

Nígbà tí oníbàárà padà wá, Màmá fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ na rìsíìtì sí i. A ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé lẹ́yìn 1983 ni wọ́n tẹ ìwé yìí, nígbà tí ikán ti jẹ èyí tó ṣáájú. Ọkùnrin náà kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ sọ fún mi?" Màmá ní, "Kí o lè gba èyí tó kù gbọ́ ni." Mo wá kó ìwé láísẹ́ńsì, fọ́tò àti ìwé tí mo fi pẹ́ńsùlù ra fún un. Mo sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ti àkọ́kọ́, pé fílà wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjì, pé nọ́ńbà kan ti bàjẹ́. Ó gbé fọ́tò náà lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó pẹ́. Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́rin yòókù ṣì wà láyé. Màmá ka orúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó ní òun á padà wá ní ìparí oṣù.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni àwọn oní-kóńdẹ́m tún dé pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Màmá rán mi sí wọn ní ẹnu géètì pé ọkọ̀ kan kò sí fún títà níbí lóṣù yìí.